Wọ́n Ní Ká Wá Wo Yìnyín, Wọ́n Ní Ká San Owó Síkì

Ta ló sọ fún àwọn tó ń ta ìsinmi orí yìnyín pé gbogbo ẹni tó bá ń jẹ́ orúkọ ìdílé kan náà ló ń ṣe síkì, ìyẹn eré tí wọ́n fi ń de pátákó gígùn méjì mọ́ bàtà tí wọ́n sì ń yọ̀ bọ̀ láti orí òkè? Ìbéèrè yìí ni mo ń bi ara mi láti ìgbà tí àwọn àbúrò mi ti pinnu pé kí gbogbo wa pàdé ní Yúróòpù, tí wọ́n sì ti ètò rẹ̀ sí mi lọ́rùn nítorí pé èmi ni àkọ́bí, àfi bí ẹni pé wọ́n ń bí ìmọ̀ òkè oníyìnyín mọ́ àkọ́bí. Ìbàdàn ni mo ń gbé. Òtútù tí mo mọ̀ kò ju ti ọyẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n mo mọ ìṣirò, mo sì máa ń mọ̀ bí wọ́n bá fẹ́ rẹ́ mi jẹ.

Bí ìdílé wa ṣe rí nìyí. Àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé ní Manchester ń ṣe síkì, ìyàwó rẹ̀ ń ṣe é, àwọn ọmọ wọn náà sì ń ṣe é. Ilé-ìwé ló kọ́kọ́ kó àwọn ọmọ náà lọ, láti ìgbà yẹn ni wọn kò sì ti ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu mọ́. Nílé níbí, ọkọ mi kò mọ̀ ọ́n ṣe, èmi náà kò mọ̀ ọ́n ṣe, Màmá wa tí orúnkún ń dà láàmú kò sì ní í gbìyànjú rẹ̀ láéláé. Àwọn ọmọ tèmi fẹ́ kọ́ ọ. Ọmọ àbúrò mi obìnrin, tí wọ́n jọ ń gbé nílùú Ìbàdàn níbí, kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ SS ni ọmọ náà ní. Kò sí ohun àjèjì nínú kí àwọn kan fẹ́ eré kan nínú ilé, kí àwọn kan má fẹ́ ẹ. Síbẹ̀, ejẹ́ǹtì tí wọ́n júwe fún mi ka orí wa bí ẹni ń ka iṣu lórí àtẹ, ó sì kọ iye kan náà sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ gbogbo àgbàlagbà.

Nínú iye náà ni owó tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́jọ́ mẹ́fà wà, fún àwọn ẹ̀rọ tó ń gbé onísíkì gun òkè ní Les Trois Vallées nílẹ̀ Faransé, níbi tí àwọn ojú ọ̀nà síkì tó so kọ́ra wọn ti tó nǹkan bí 600 kìlómítà. Lẹ́tà gàdàgbà ni wọ́n fi kọ 600 kìlómítà yìí sínú ìwé, gẹ́gẹ́ bí ohun tó yẹ kó wú wa lórí. Wọ́n sì tà á fún Màmá wa, tí kò lè rìn láti ẹnu ọ̀nà ọjà Bódìjà dé ìsọ̀ àwọn aláta láìjẹ́ pé wọ́n bá a wá àga sí ojú ọ̀nà. Nígbà tí mo béèrè ohun tí Màmá yóò fi 600 kìlómítà ṣe, ejẹ́ǹtì dáhùn pé, "Ẹ má ṣèyọnu, mà, àpapọ̀ ni wọ́n ń tà á." Àpapọ̀ wo? Tíkẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ wà ní agbègbè yẹn kan náà, owó rẹ̀ kò tó ti onísíkì rárá, ẹni tó bá sì rà á lè wọ àwọn ọkọ̀ orí wáyà kan gòkè lọ wo ìran, kó bá àwọn èèyàn rẹ̀ jẹun ọ̀sán lókè, kó sì tún wọ ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Èmi ni mo wá èyí kàn fúnra mi. Ẹni tí mo ń sanwó fún kò mẹ́nu bà á.

Ti àwọn ọmọ mi tó fẹ́ kọ́ síkì tún bí mi nínú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ kì í kúrò lórí ibi tó tẹ́jú díẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́. Kápẹ́ẹ̀tì kan tó ń yí ló máa ń fà á gòkè, yóò yọ̀ sọ̀ kalẹ̀, yóò ṣubú, yóò tún gòkè. Ní ọ̀pọ̀ ibùdó síkì nílẹ̀ Faransé, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń lo ẹ̀rọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí. Àwọ̀ ni wọ́n fi ń ya ojú ọ̀nà síkì sọ́tọ̀ níbẹ̀: aláwọ̀ ewé àti búlúù fún ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n dáadáa, pupa fún ẹni tó ti gbọ́n sí i, dúdú fún àwọn tí ẹ̀rù kì í bà. Ọmọ tí kò tíì lè dá dúró lórí pátákó ni wọ́n wá ta odindi òkè pupa àti dúdú fún, tí wọ́n sì ní kí n dúpẹ́ nítorí pé wọ́n ti yọ díẹ̀ kúrò nínú owó tọmọdé.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ físà. Àwọn tó ń ṣe síkì nínú ìdílé wa ni wọ́n ní páásípọ́ọ̀tù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò sì nílò físà láti lọ sinmi ní àwọn orílẹ̀-èdè Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó jọ ń lo físà kan ṣoṣo, bí wọn kò bá ti lò ju 90 ọjọ́ lọ láàárín 180. Àwa tí a kàn fẹ́ fi ojú rí yìnyín ni páásípọ́ọ̀tù aláwọ̀ ewé wà lọ́wọ́ wa. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ lo òkè kò sanwó ẹnu ọ̀nà, ẹni tó fẹ́ wò ó lókèèrè ló ń san án. Láti ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà ọdún 2024 ni wọ́n ti gbé owó físà náà kúrò ní 80 yúrò sí 90 fún àgbàlagbà. 45 yúrò ni ti ọmọ ọdún 6 sí 11, àwọn tí kò tíì pé ọdún 6 nìkan ló sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá ní àwọn kò fún èèyàn ní físà, owó rẹ̀ kò padà mọ́. Wọ́n tún ń fẹ́ adójútòfò ìrìn-àjò tó lè gbé ìtọ́jú tí owó rẹ̀ tó 30,000 yúrò, wọ́n ń fẹ́ ìwé ibùsùn, wọ́n ń fẹ́ ìwé ọkọ̀ òfuurufú àti àkọsílẹ̀ owó bánkì. Ejẹ́ǹtì ní tirẹ̀ ń béèrè owó àsansílẹ̀ tí òun náà kì í dá padà, kó tó lè fún wa ní ìwé ibùsùn tí àwọn ẹlẹ́físà yóò wò kí wọ́n tó pinnu bóyá a ó lọ tàbí a kò ní lọ. Ta ni kí á kọ́kọ́ kó owó fún? Èkó la ó sì ti lọ tẹ ìka, Màmá pẹ̀lú gbogbo ọmọ tó bá ti pé ọdún 12. Ọkọ̀ ojú irin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021 yóò gbé wa láti Mọ́níyà dé Èbúté Mẹ́ta, ìyókù di ọwọ́ sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Mo mẹ́nu kúrò lórí iye tí gbogbo èyí jẹ́ ní náírà, nítorí pé kí oṣù Kẹfà ọdún 2023 tó dé, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní ọjà ìjọba, nígbà tó sì máa fi pé ọdún kan, ó ti sún mọ́ 1,500.

Ọjọ́ tí a ó lọ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Àbúrò mi fẹ́ oṣù Kejì, nítorí pé ìgbà yẹn ni àwọn ilé-ìwé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan, yìnyín sì máa ń pọ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n àárín sáà kejì ni àwọn ọmọ tiwa wà, n kò sì ní í yọ wọ́n kúrò ní kíláàsì nítorí eré. Ìgbà Kérésìmesì ló bá gbogbo wa mu, òun náà sì wà lára àwọn ìgbà tí owó hòtẹ́ẹ̀lì máa ń ga jù, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í gba àlejò bí kò ṣe láti ọjọ́ Sátidé kan sí èkejì. Ejẹ́ǹtì bá ní kí a sún un di ìgbà Ọdún Àjíǹde. Ó ní owó yóò wálẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí oṣù Kẹrin bá dé, yìnyín ti máa ń yọ́ ní àwọn ibi tí kò ga, àwọn ibi gíga fíofío ló máa ń kù: Val Thorens nílẹ̀ Faransé, tó ga tó mítà 2,300, tàbí àwọn òkè tó yí Zermatt ká nílẹ̀ Swítsálandì, tí ọkọ̀ orí wáyà gbé ń gun ibi tó ju mítà 3,800 lọ.

Ibi gíga yẹn gan-an ni ọmọ tó ní ẹ̀jẹ̀ SS kò gbọdọ̀ dé. Bí èèyàn bá ṣe ń gòkè sí i ni ọ́síjìn tó ń mí sínú ń dín kù, bí ọ́síjìn bá sì dín kù, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde yóò ká kò bíi dòjé, yóò sì dí ojú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Òtútù àti àìmu omi tó tó á tún máa ti ìrora náà síwájú. Kì í ṣe SS nìkan lọ̀rọ̀ yìí kàn. Nǹkan bí ẹnì kan nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin ló ní AS, àwọn dókítà sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn AS kan, tí ara wọn dá ṣáṣá nílé, ti ní ìṣòro lójijì nígbà tí wọ́n dé orí òkè gíga. Ní orílẹ̀-èdè tí àwọn pásítọ̀ àti lemọ́mù ti ń béèrè ìwé ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó so ọkọ àti aya pọ̀, ǹjẹ́ kò yẹ kí ẹni tó ń ta òkè fún wa béèrè? Ìwé tí ejẹ́ǹtì ní kí n kún bi wá ní ìwọ̀n bàtà, ó bi wá bí a ṣe ga tó, ó bi wá bí a ṣe wúwo tó, nítorí pé ohun tí wọ́n fi ń yan pátákó síkì fún èèyàn nìyẹn. Ó bi Màmá wa bí wọ́n ṣe wúwo tó! Kò sí ibì kankan tó ti bi ẹnikẹ́ni léèrè irú ẹ̀jẹ̀ tó ní.

Mo ka ìmọ̀ràn tí wọ́n ń gba àwọn tí kì í ṣe síkì títí ó fi sú mi. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: kí o jókòó ní hòtẹ́ẹ̀lì, kí o mu ṣokoléètì gbígbóná, kí o ka ìwé títí àwọn ará ilé rẹ yóò fi dé ní ìrọ̀lẹ́. Ṣé kí n lè ka ìwé ni n ó ṣe gba ọ̀nà Èkó lọ tẹ ìka, tí n ó san 90 yúrò, tí n ó sì fò kọjá aṣálẹ̀ Sàhárà? Mo ní ìwé tí n kò tíì kà nílé, iná sì máa ń wà nígbà mìíràn.

Ohun tó mú inú ń bí mi ni pé ibi tó gba ẹgbẹ́ méjèèjì wà. Innsbruck nílẹ̀ Austria kò ga ju mítà 574 lọ, ìlú gidi ni, tí èèyàn lè rìn nínú rẹ̀, tó ní ọjà, ààfin àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, wọ́n sì ti gbàlejò ìdíje Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù níbẹ̀ ní 1964 àti 1976. Láti àárín ìlú náà, ẹni tó ń ṣe síkì lè wọ ọkọ̀ kó sì dé orí òkè Nordkette ní nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú; bọ́ọ̀sì sì ń lọ sí àwọn òkè mìíràn láyìíká. Bí Màmá bá fẹ́ omi gbígbóná fún orúnkún, Bad Gastein wà ní orílẹ̀-èdè yẹn kan náà, níbi tí omi gbígbóná ti ń sun láti inú ilẹ̀, tí òkè síkì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo dárúkọ Innsbruck, àbúrò mi ní kì í ṣe ibùdó síkì gidi, nítorí pé òun fẹ́ de síkì mọ́ ẹsẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà yàrá òun. Kí àwọn méje má rí ibi rìn sí nítorí pé ẹnì kan kò fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì! Ejẹ́ǹtì ní òun kì í ta ìlú, òkè ni òun ń tà.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Manchester tún bá mi lórí fóònù pé ẹ̀rù yìnyín ló kàn ń bà wá nílé. Mo rán an létí pé Seun Adigun àti Simidele Adeagbo ṣojú Nàìjíríà ní ìdíje Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù ní Pyeongchang ní 2018, àti pé Adeagbo ni obìnrin Áfíríkà àkọ́kọ́ tó díje níbẹ̀ nínú eré skeleton, èyí tí wọ́n fi ń dojú bolẹ̀ lórí pátákó kékeré, tí wọ́n sì ń forí ṣáájú yọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí omi dídì. Ẹ̀rù kọ́ ni. Orúnkún ni, ẹ̀jẹ̀ ni, owó sì ni.

Ti adójútòfò kò ní gùn. Èyí tí ẹlẹ́físà ń fẹ́ kì í sábà gbé ìjàǹbá síkì. Àfikún ni onísíkì gbọ́dọ̀ rà, tó bá sì jẹ́ Ítálì ni a lọ, òfin wọn láti 2022 ni pé kí onísíkì ní èyí tó lè sanwó fún ẹni tó bá kọlù. Ejẹ́ǹtì ti fi àfikún náà sórí gbogbo wa, títí kan ẹni tó fẹ́ jókòó sínú omi gbígbóná.

Mo kọ̀wé sí i pé kí ó tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀: kí ó yọ tíkẹ́ẹ̀tì òkè, pátákó, bàtà síkì àti àfikún adójútòfò kúrò lọ́rùn ẹni tí kò ní lò wọ́n, kí ó fi tíkẹ́ẹ̀tì akẹ́kọ̀ọ́ nìkan sí orúkọ àwọn ọmọ mi, kí ó sì wá ibùsùn tí kò ga fún gbogbo wa. Ó fi ìwé owó tuntun ránṣẹ́ lánàá. Ó yọ wọ́n lóòótọ́. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni ó wá kọ owó kan tí ó pè ní "àyípadà ètò fún àwọn tí kì í ṣe síkì," iye rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú gbogbo ohun tó yọ. N kò tíì dá a lóhùn, nítorí pé gbogbo èsì tó ń wá sí mi lẹ́nu, èébú ni.