Sítíárìn tó yára kì í ṣe ìwòsàn sítíárìn tó ti dẹ̀

Wọ́n ń pín in káàkiri pé bí sítíárìn píkọ́ọ̀pù àtijọ́ bá ti dẹ̀ (tí èèyàn ń yí i díẹ̀ tí taya ò tíì yí), kí èèyàn ra steering box tó yára, ìyẹn àpótí jíà tó ń gbé yíyí sítíárìn lọ sí taya. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìyára yàtọ̀ sí dídẹ̀. Box 12.7:1 (ọ̀pá tó wọnú rẹ̀ ń yí ìlọ́po 12.7 yíyí èyí tó jáde) ń yí taya yára ju 17.5:1 lọ, ṣùgbọ́n kò lè dí àlàfo inú oríkèé tie rod (ọ̀pá tó ń ti taya) tó ti jẹ.

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí taya wà nílẹ̀, kí ẹnìkan máa mi ọwọ́ sítíárìn díẹ̀díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Ẹ wo abẹ́ ọkọ̀. Bí ọ̀pá tó wọnú box bá ń yí tí pitman arm (apá irin tó so mọ́ box, tó ń ti àwọn ọ̀pá taya) ò mira, box ló jẹ. Bí pitman arm bá mira tí taya ò mira, àwọn oríkèé tie rod ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀.

Ẹ má sì kàn fún nọ́ọ̀tì orí box: bó bá fún jù, jíà inú rẹ̀ á bàjẹ́, sítíárìn ò sì ní fúnra rẹ̀ padà sáàárín mọ́.