Àṣírí Ida kọ́ ni gbogbo fíìmù yẹn

Ibi tí ẹ kọ ọ́ sí pé fíìmù Ida ò ní nǹkan kan mọ́ lẹ́yìn tí àṣírí bá ti tú yẹn, ẹ má bínú, mi ò gbà rárá. Anna, ọmọbìnrin táwọn sísítà Kátólíìkì tọ́ dàgbà ní Poland, ni ìtàn ẹ̀ dá lé, ní 1962, ó ku díẹ̀ kó jẹ́ ẹ̀jẹ́ láti di sísítà bíi tiwọn. Ṣebí níbẹ̀rẹ̀ ni àǹtí ẹ̀ Wanda ti là á mọ́lẹ̀ fún un pé Júù ni ẹ́, Ida lorúkọ ẹ, kì í ṣe Anna. Ibi tí àwọn méjèèjì ti ń wá sàréè àwọn òbí ẹ̀ kiri ló dùn mí jù, àfi ìgbà tó wá jẹ́ pé ọmọ ilé tó fi wọ́n pamọ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ló tún pa wọ́n, tó sì ń gbé inú ilé wọn!

Ẹni tó sọ lókè yẹn pé àǹtí ẹ̀ ìbá ti dákẹ́, kò tíì ṣe yín rí ni. Èmi ti pé ọdún 31, níbi ìsìnkú màámi, wọ́n ní káwọn ọmọ wá bu eèpẹ̀, bàbá kan nínú ẹbí fà mí sẹ́yìn pé ọmọ-ọmọ ni mí, àṣé ẹni tí mò ń pè ní sísítà mi látọjọ́ yìí ló bí mi, gbogbo ilé ló sì mọ̀. Ó dùn mí pé wọn ò tètè sọ ọ́, mi ò sì tíì lè pè é ní mọ́mì títí dòní.