Ihò dúdú kò sọ ọkọ̀ di ọkọ̀ ogun

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní gbogbo àwòrán ọ̀dà àjogúnbá tó bá ní ọkọ̀ onígbòkun olópòó mẹ́ta, tí ihò dúdú tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ni. Ẹ dákun, kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀rúndún 19, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ oníṣòwò ló ń kun ìlà funfun, tí wọ́n á wá fi ọ̀dà dúdú ya ihò àgbá lé e. Ọ̀dà lásán ni.

Òpó mẹ́ta náà kò tó ẹ̀rí. Òpó ẹ̀yìn ni kí ẹ wò: bí kò bá ní ọ̀pá ìdábùú bíi ti méjì yòókù, barque nìyẹn, irú ọkọ̀ onígbòkun tí àwọn oníṣòwò sábà máa ń lò.

Àsíá ló máa ń sọ̀rọ̀ jù. Láti 1864 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fi àsíá pupa wọn sílẹ̀ fún ọkọ̀ òwò. Ṣáájú ìgbà náà, ọkọ̀ ogun ń ta á pẹ̀lú. Bí ẹ bá rí àsíá kéékèèké mẹ́rin lórí okùn kan, ẹ yọ̀! Nínú ìwé àmì àsíá ọkọ̀ òkun tó jáde ní 1857, àsíá mẹ́rin lè dúró fún ọkọ̀ kan pàtó, ẹ ó sì lè fi wá orúkọ rẹ̀. Àmọ́ ayàwòrán lè ṣi àwọ̀ kùn o.

Ẹ̀yin ará Kàdúná àti Àbújá, ẹ má fi omi tàbí kẹrosíìnì nu eruku ọyẹ́ lára àwòrán náà. Ọ̀dà tó ti sán á bó dànù. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbígbẹ ni kí ẹ lò. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì ya fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀ náà.