Kò fi ayé rẹ̀ ṣòfò

Ẹni tó kọ ọ́ pé Biruté Galdikas, obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì nípa ẹranko, fi ayé rẹ̀ ṣòfò nítorí ọ̀bọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un rò. Ní 1971 tó wọ igbó Tanjung Puting ní Borneo, erékùṣù kan ní Éṣíà, irà ni gbogbo ibẹ̀, eṣúṣú sì ń mu ẹ̀jẹ̀ èèyàn. Ìgbésí ayé orangutan, ẹranko onírun pupa tó jọ ìnàkí, ló lọ wò, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọdún kan. Abo orangutan lè lo ọdún méje sí mẹ́jọ kó tó tún bímọ. Ní gbogbo àkókò yẹn, ọmọ á máa wo ìyá rẹ̀: èso tó ṣeé jẹ, bí wọ́n ṣe ń tẹ ẹ̀ka igi pọ̀ láti fi ṣe ibùsùn lókè lálaalẹ́.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ wọn fi ń dùn mí. Àwọn tó ń ta ọmọ orangutan máa ń pa ìyá kí wọ́n tó lè já ọmọ gbà lára rẹ̀. Irú ọmọ òrukàn bẹ́ẹ̀ ni Galdikas àtàwọn ará Dayak, ọmọ ìbílẹ̀ Borneo, tó ń bá a ṣiṣẹ́ ń tọ́ títí wọ́n á fi lè padà sígbó.

Ọ̀rọ̀ náà sì kàn wá. Oko ọ̀pẹ wà lára ohun tó ń jẹ igbó wọn run, bẹ́ẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níbí ni ọ̀pẹ ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má jẹ epo o. Ṣùgbọ́n ọṣẹ àti bisikíìtì tí wọ́n ń kó wọlé fún wa, ẹ jẹ́ ká máa bi àwọn tó ń ṣe é léèrè igbó tí wọ́n gé kí epo inú rẹ̀ tó jáde.