Iye tó ń kù sọ́wọ́ alágbàtà ilé ní Àjàṣẹ́

Ọ̀pọ̀ ayálégbé ní Porto-Novo, Àjàṣẹ́ wa yìí, ló gbà pé àwọn alágbàtà ilé, àwọn tí gbogbo ìlú ń pè ní démarcheur, ń kówó jẹ láìlàágùn. Wọ́n rí i pé owó ilé oṣù kan gbáko ni alágbàtà ń gbà lórí ilé kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá fi ọkàn ṣírò ilé mẹ́wàá lóṣù. Ìṣirò náà kò tọ̀nà rárá.

Ẹ jẹ́ ká mú yàrá kan àti pálọ̀ ní àdúgbò Ouando, ká sì gbà pé 25,000 sẹ́fà ni owó rẹ̀ lóṣù. Òfin ọdún 2018 lórí ilé àyágbé kò jẹ́ kí owó ìdógò tí onílé ń gbà ju ti oṣù mẹ́ta lọ, bí ó bá sì gba gbogbo rẹ̀, 75,000 nìyẹn. Owó oṣù àkọ́kọ́ jẹ́ 25,000, ti alágbàtà náà sì jẹ́ 25,000. Nítorí náà, 125,000 yóò jáde lápò ayálégbé níjókòó kan, kí a tó dé orí iná SBEE àti omi SONEB. Alágbàtà ló dúró tì wọ́n, nígbà mìíràn òun gan-an ló ń bá onílé ka owó náà, orí rẹ̀ sì ni gbogbo ìbínú ń dà lé, bẹ́ẹ̀ ìdá kan nínú márùn-ún péré ni tirẹ̀.

Ìdá kan yẹn pàápàá kì í sábà jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo. Ẹni tó gbọ́ pé ilé kan fẹ́ ṣófo ní Tokpota lè má mọ ẹni tó ń wálé, yóò wá pe ojúgbà rẹ̀ kan ní Djègan-Kpèvi, ìyẹn náà lè pe ẹlòmíràn tó ní oníbàárà lọ́wọ́, bí ọ̀rọ̀ bá sì bọ́ sí i, gbogbo wọn ni yóò pín in. Ká tilẹ̀ sọ pé méjì ni wọ́n, 12,500 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Láti oṣù kìíní ọdún 2023, owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba Benin fọwọ́ sí jẹ́ 52,000. Ilé mẹ́rin lóṣù kò ní jẹ́ kí alágbàtà wa bá a. Àfi kó rí ìkarùn-ún.

A kò tíì yọ owó epo. Nígbà tí Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, kpayo, ìyẹn epo Nàìjíríà inú ìgò tí à ń rà lẹ́bàá títì, gbówó lórí níhìn-ín náà, orí alùpùpù sì ni iṣẹ́ alágbàtà wà. Àwọn kan wà lóòótọ́ tó ń mú èèyàn lọ wo ilé tí wọ́n mọ̀ pé ó ti lọ, kí wọ́n lè gba owó ìbẹ̀wò. Olè ni wọ́n, n kò gbèjà wọn. Ṣùgbọ́n oníbàárà náà wà tó máa wo ilé láàárọ̀, tó máa ní kò wu òun, tí yóò sì padà lọ bá onílé nírọ̀lẹ́ pé kí àwọn méjèèjì yanjú rẹ̀ láìsí alágbàtà.

Àwọn tó ti inú iṣẹ́ yìí kọ́lé kò ṣàìsí, àmọ́ ilẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ń tà. Ilẹ̀ kì í sì í yá tà: oníbàárà yóò fẹ́ wádìí lọ́dọ̀ ANDF, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀, bí ó bá sì jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, ọmọ ẹbí kan ṣoṣo tó bá kọ̀ láti fọwọ́ sí i ti tó láti da ọjà náà rú, alágbàtà tó ti ń lọ tó ń bọ̀ láti ọjọ́ yìí kò sì ní gba kọ́bọ̀.