Ẹ Yé “Tọ́” Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ Wa Wò Mọ́!

Ó sú mi o! Àárọ̀ yìí náà, aládùúgbò kan tún gbé ife ńlá dé: “Ìyá Ìbejì, ẹ bu díẹ̀ kí n tọ́ ọ wò.” Ife mẹ́ta! Ṣé ahọ́n erin ló fi ń tọ́ ọ ni?

Ṣé ẹ mọ iye tí à ń ra àgbàdo tí a fi ń pọn ọtí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ yìí ní ọjà Bódìjà? A rẹ ẹ́, a dúró kó hù, a sá a, a lọ̀ ọ́, a sè é, a sẹ́ ẹ, a tún dúró kó kan. Ọkọ mi ń fẹ́ná títí ojú ẹ̀ fi pọ́n bí osùn. Ẹ wáá ní ẹbí ni wá? Nígbà tí à ń ṣa òkúta, ẹbí dà? A kì í fẹ̀jẹ̀ dúdú sínú tutọ́ funfun síta: inú ń bí mi! Owó ife mẹ́ta àárọ̀ yìí ńkọ́?