Èsì wa sí oníbàárà tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń kú nídìí géèmù

Ẹ kú iṣẹ́ o, oníbàárà wa. A ti ka ohun tí ẹ kọ: pé tower tí ẹ rà ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Tákíé (Core i5-10400F, GTX 1660 Super, power pack 500W) kì í ṣe wàhálà bí ẹ bá ń tẹ Word tàbí tí ẹ ń wo fíìmù, àmọ́ bí ẹ bá gbá FIFA tó bí ìṣẹ́jú 20, á kú pátá, á tún ara rẹ̀ tàn; pé ó pọ̀ jù lórí jẹnẹrétọ̀; pé ẹ ti fi RAM 8GB kún un; àti pé ayédèrú káàdì àwòrán (GTX 1660 Super yẹn, tó ń gbé àwòrán géèmù jáde) la tà fún yín. Ìràwọ̀ 2 tí ẹ fún wa kò dùn wá tó kí ẹ lọ náwó sórí káàdì mìíràn láìnídìí. Ẹ fi owó yín pamọ́ ná.

Káàdì tó bàjẹ́ kì í sábà kú báyìí. Àwọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dàrú, ìlà á máa fà lójú mọ́nítọ̀, tàbí kí géèmù nìkan pa dé kí Windows sì ṣì wà. Tí gbogbo ẹ̀rọ bá kú bí ẹni fa wáyà yọ lára ògiri, iná la kọ́kọ́ ń fura sí, lẹ́yìn rẹ̀ ooru. Word kì í béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ káàdì. Géèmù ló ń mú un jẹ 125W tirẹ̀, processor (Core i5 yẹn, ọpọlọ ẹ̀rọ) náà á sì máa fà ní àkókò kan náà, wọ́n á tún máa fò kọjá ìwọ̀n yẹn kí èèyàn tó ṣẹ́jú.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe èyí: Windows+R, ẹ kọ sysdm.cpl, ẹ lọ sí Advanced, ẹ tẹ Settings lábẹ́ Startup and Recovery, kí ẹ yọ àmì iwájú Automatically restart. Àmì yẹn ló máa ń fi ojú búlúù (blue screen, ojú aláwọ̀ búlúù tí Windows fi ń sọ àṣìṣe tó pa á) pamọ́. Bí ojú búlúù bá wá yọ, ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Tó bá kọ MEMORY_MANAGEMENT, ẹ yọ RAM tí ẹ fi kún un, kí ẹ tún gbá géèmù wò.

Bí kò bá yọ, ẹ ṣí Event Viewer (ibi tí Windows ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀rọ sí), Windows Logs, System. Ẹ máa rí Kernel-Power 41. Ọ̀pọ̀ èèyàn á rí i, wọ́n á ní power pack ti kú. Irọ́ ni. Ohun tí 41 ń sọ kò ju pé wọn ò pa ẹ̀rọ náà bó ṣe yẹ. BugcheckCode tó wà ní Details ni kí ẹ wò: 0 túmọ̀ sí pé kò sí ojú búlúù rárá.

Fún ooru, ẹ jẹ́ kí HWiNFO64 (áàpù tó ń wọn ooru ẹ̀rọ) máa kọ ìwọ̀n sínú fáìlì, torí ohun tó wà lójú mọ́nítọ̀ á bá ẹ̀rọ kú. Processor yín á máa dẹ ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀ bó bá dé 100°C, nítorí náà géèmù á ti máa wọ́ kó tó kú. Eruku ọyẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́ yìí kì í ṣeré: ẹ fi búrọ́ṣì gbá heatsink (irin tó ń gba ooru kúrò lára processor), kí ẹ di abẹ fáànù mú kó má yí.

Iná ló kù. Ẹ fi MSI Afterburner (áàpù tó ń darí káàdì) rẹ Power Limit, ìyẹn iná tí káàdì lè jẹ, sílẹ̀ sí 70%. Bí kò bá kú mọ́, tí ooru sì wà níwọ̀n, iná ni. Ẹ tún gbá géèmù náà lórí iná ìjọba nígbà tó bá dúró dáadáa, kí nǹkan mìíràn má sí lórí extension yẹn. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń gbé tẹlifíṣọ̀n àti fíríìjì pọ̀ máa ń jẹ́ kí iná wálẹ̀ nígbà tí fíríìjì bá gbéra. Bó bá jẹ́ UPS lẹ ń lò, 650VA tí wọ́n kọ sí i lára kì í ṣe 650W o. Púpọ̀ nínú wọn ò tó 400W. Ẹ ka léébù power pack: èyí tó kọ 100-240V máa ń fara da iná tó rẹlẹ̀, èyí tó kọ 200-240V lè kú ní 160V. Kí ẹ sì ti wáyà 8-pin káàdì náà wọlé títí á fi dún.

Ẹ lè ṣí ẹ̀gbẹ́ tower náà, wáráńtì ò bàjẹ́. Power pack fúnra rẹ̀ ni kí ẹ má ṣí, iná ṣì máa ń wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ọ́. Bó bá ṣì ń kú lórí iná tó dúró, ẹ gbé e wá pẹ̀lú RAM yẹn, wáyà iná àti fáìlì HWiNFO. A máa fi power pack mìíràn sí i lójú yín, kí FIFA ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan. Èyí tó bá bàjẹ́ nínú ohun tí a tà, a máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.